Ọkọ̀ Onílẹ̀kùn Pupa

Ẹni tó bá fẹ́ bá ọkọ mi lọ ra nǹkan, kó kọ́kọ́ jẹun yó, kó sì gbé àpótí ìjókòó dání. Mi ò bú u o. Ọkọ mi ni, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ. Káfíńtà ni, kò sì sí ohun tó máa rí tí kò ní fi ìka kàn wò. Tó bá wọ ilé onílé, á kan tábìlì, á kan fèrèsé, á tẹ́tí sí wọn bíi pé wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sọ fún bàbá mi pé òun fẹ́ fẹ́ mi, ó kan àga tí wọ́n gbé fún un kó tó jókòó. Bàbá mi wò mí, èmi náà wo ilẹ̀. Àwọn oníbàárà ẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kọ́kọ́kọ́, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn débi pé ó kọ ọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kan wà tó fi máa ń yangàn. Kì í kan àga fún ẹni tí kò bá jókòó fún un. Pákó kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tó gbé lé orí bíríkì, ẹni tó bá fẹ́ àga gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ kí ọkọ mi fi tépù wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún. Ọ̀gá báńkì kan wá rí, ó ní òun ò ráyè, kó sáà bá òun kan àga ńlá kan. Ọkọ mi ní, "Ẹ jókòó, sà." Ọ̀gá báńkì fi kóòtù olówó iyebíye jókòó sínú ìdọ̀tí pákó. "Ojú lè tan èèyàn," ọkọ mi a máa wí, "ìdí kì í tan èèyàn." Èmi onídìrí ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí tiẹ̀. Orí ni tèmi, ìdí ni tiẹ̀, bá a ṣe pín ọmọ aráyé láàárín ara wa nìyẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí. Abíọ́nà ni gbogbo ilé ń pè é, torí pé ojú ọ̀nà ni mo bí i sí lóòótọ́. Ọkọ̀ tá a ní nígbà yẹn rẹwà, aláìmoore sì ni. Ìrọbí mú mi, ó gbé wa dé kọ́nà afárá, ó húkọ́, ó sì kú fin-ín. Orí ìjókòó ẹ̀yìn ni mo bímọ sí, obìnrin kan tó ń kọjá lọ ló gbẹ̀bí mi. Ọpẹ́ ni, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Àmọ́ mo rí ọkọ mi lójú fèrèsé lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe káwọ́ lé orí. Ó ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin, kò sì ra òmíràn mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, sísá ló máa sá.

Abíọ́nà náà wá di aboyún. Inú ọkọ̀ ojú omi lọkọ ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń pẹ́ lórí omi kó tó délé, ni ọmọ bá kó ẹrù ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Dókítà ní ọmọ inú ẹ̀ tóbi, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ náà sì ń ru díẹ̀díẹ̀, nítorí náà bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀, ká má fi falẹ̀ rárá. Ilé ìwòsàn tó lè tọ́jú ẹ̀ wà ní òdì kejì ìlú. Ọkọ mi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Bá a ṣe jẹun tán, ó ní, "Abíọ́nà kan ti tó nínú ilé yìí. A máa ra ọkọ̀."

Owó tó wà lọ́wọ́ wa, àlòkù ló lè rà, àlòkù tó mọ̀wọ̀n ara ẹ̀ náà ni. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ mẹkáníìkì, òun la bẹ̀ kó bá wa wá èyí tó dáa. Kò pẹ́ tó fi rí ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ kékeré ni, àwọ̀ eérú, òun nìkan ló sì ti ń lò ó látìgbà tó ti rà á. Àbúrò mi ti kìlọ̀ fún ìyá náà kó má ṣe sítáàtì ẹ̀ ká tó dé, ó ní ẹ́ńjìnnì tó bá tutù ni kì í purọ́. Ìgbà tá a débẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbà. Àbúrò mi wo èéfín ẹ̀, ó wo ọ́ìlì, ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, ó wà á lọ wà á bọ̀, ó tẹ bíréèkì. "Sìstá mi," ó ní, "ìkọ́ àárọ̀ yẹn ò ṣe nǹkan kan, ọjọ́ orí ni. Èyí ò ní dójú tì yín."

Ọkọ mi ní tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kọ́kọ́kọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́kọ́ lára ilẹ̀kùn iwájú. Ìgbà tó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó dúró. Ilẹ̀kùn yẹn pupa fòò, gbogbo ara ọkọ̀ yòókù rí bí eérú.

"Èyí ò dún bíi ti tókù," ó ní.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ni," àbúrò mi dáhùn. "Ilẹ̀kùn kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ rìn."

"Ilẹ̀kùn kì í ṣàdédé pupa. Nǹkan kan ti ṣe ọkọ̀ yìí rí. Mi ò lè gbé ọmọ mi sínú ohun tí mi ò mọ ìtàn ẹ̀."

Ìyá tísà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá látorí awò ojú ẹ̀. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní a máa rò ó, bá a sì ṣe ń lọ ló ti sọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ní Alábùlẹ̀. Inú bí àbúrò mi débi pé kò gba omi tí mo bù fún un nígbà tá a délé.

Lẹ́yìn ìyẹn, a wo ọkọ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ọ̀kan, ọkọ mi ní ó ń gbọ̀n. Òmíràn, ó ní kò gbọ̀n tó, ó ń fi nǹkan pa mọ́. Ẹnì kan rí i tó ń kan ọkọ̀ òun, ó rò pé eṣinṣin ló ń lé. Ikùn Abíọ́nà sì ń yọ síwájú lójoojúmọ́, kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ mi yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti mọ̀ pé wàhálà dé.

"Ìyá Abíọ́nà, mo ti rí i."

"Kí lẹ rí?"

"Dúdú ni. Ó gùn. Iwájú ẹ̀ nínú, níbi tí awakọ̀ ń wò, igi ni! Igi gidi o, kì í ṣe ike. Mo kàn án, ó dá mi lóhùn."

Oníbàárà tí mò ń dirun fún bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, ṣé ó ti mú àbúrò mi dání lọ wò ó? Ó ní, "Ṣé èèyàn máa ń mú mẹkáníìkì lọ wo àfẹ́sọ́nà ni?" Mo wo ojú ẹ̀ nínú dígí, mo rí i pé ọkàn ọkọ mi ti lọ. Bó ṣe wò mí nílé bàbá mi nìyẹn, kí iṣẹ́ àti ọdún tó dé bá mi.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ síbẹ̀, èmi, òun àti Abíọ́nà, ẹni tó ní òun náà fẹ́ fi ojú kan ìyàwó bàbá òun. Oníṣòwò ọkọ̀ náà lẹ́nu dídùn. "Màámi, ọkọ̀ ọlọ́lá nìyí. Ẹni tó ni ín, ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ń gbé e jáde."

Mo bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Rọ́bà bíréèkì ti jẹ tán, irin ti yọjú. "Ìsinmi ẹ̀ mà pọ̀ o," mo ní.

Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mò ń fi ọwọ́ mọ̀ bóyá díráyà ti gbóná jù fún orí oníbàárà, mo mọ ohun tó gbóná.

"Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ yìí ni?"

"Oòrùn ni, màámi."

Mo gbójú sókè. Òjò ti ṣú bolẹ̀ láti àárọ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ọkọ mi ti wọnú ọkọ̀, ó ti gbé imú sára igi náà, ó ń gbóòórùn ẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára. "Bí wọ́n ṣe fá a yìí," ó ń sọ fún ara ẹ̀, "ọwọ́ àgbà ni." Mo ní, "Bàbá Abíọ́nà, bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran o." Kò gbọ́ mi. Ó jáde, ó ti ọwọ́ bọ àpò láti san àsansílẹ̀.

Abíọ́nà ló sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ báyìí. "Bàbá mi, ẹ ò tíì ní kí n jókòó."

Ọwọ́ ọkọ mi dúró sínú àpò. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, mo rí i. Ẹni tó mú ọ̀gá báńkì jókòó sórí pákó! Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ ẹ̀.

Ṣé kí n ní ó jókòó? Ó ṣubú sínú ẹ̀ ni. Ìjókòó náà sún mọ́lẹ̀ bí ẹní. Ó ní ó dáa, ó rọ̀, ó wá ní òun fẹ́ dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síta, ìkejì kọ̀. Ó di ara ilẹ̀kùn mú, ó mí kanlẹ̀, kò dìde. Mo fa ọwọ́ ọ̀tún, bàbá ẹ̀ fa ọwọ́ òsì, oníṣòwò sáré gba òdì kejì wọlé, ó ń ti ẹ̀yìn ìjókòó bí ẹni pé ìyẹn náà máa bá wa dìde. Ẹ̀rín gba agbára Abíọ́nà. "Ẹ fi mí sílẹ̀," ó ní, "ẹ sáà máa gbé oúnjẹ wá fún mi síbí." Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Ibi tí mo ti ń nu ojú ni mo ti rí ọkọ mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọmọ ẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti há a mọ́, ojú ẹ̀ rí bó ṣe rí ní kọ́nà afárá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. A fa Abíọ́nà jáde nígbẹ̀yìn. Ọkọ mi yọ tépù, ó wọn ìjókòó láti ilẹ̀, ó wọn ọmọ láti gìgísẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, ó sì ká tépù ẹ̀ padà.

"Gbogbo ọdún tí mo ti ń kan àga," ó ní, "mi ò gbàgbé rí pé kí oníjókòó jókòó. Igi ló gba ojú mi."

Ojú tì í gidigidi, àánú ẹ̀ sì ṣe mí. Oníṣòwò ti ń já owó wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ mi yíjú sí mi. "O ní bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná?"

"Ó gbóná."

"Kò burú. A máa dúró kó tutù, ká tún sítáàtì ẹ̀ lójú wa."

Ó ní kí Abíọ́nà wá àga jókòó, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Háà, oníṣòwò wá rántí lójijì pé òun ní àlejò nílé! Ó ní ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, a sì bá tiwa lọ.

Lójú ọ̀nà, ọkọ mi ní kí n bá òun bẹ àbúrò mi, kó wá bá wa nílé ìyá tísà. Àbúrò mi wá. Kò sọ pé ṣebí mo wí. Ó sáà ń súfèé, ìyẹn sì burú ju ọ̀rọ̀ lọ. Ìyá tísà ṣílẹ̀kùn, ó wo ọkọ mi látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ wá síbí níjọ́sí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kan ilẹ̀kùn mi, tẹ́ ò dúró kí onílé dáhùn?"

Àbúrò mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mo ti ṣe tán láti dúró báyìí. Kí ló ṣe ilẹ̀kùn yẹn?"

"Èmi ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìdánwò láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń sáré, mo fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá géètì ara mi. Pupa la rí rà, wọ́n fẹ́ kùn ún, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ kó máa sọ fún mi pé kí n rọra. Ká ní ẹ bi mí lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ẹlòmíì ń bọ̀ wá wò ó lọ́la."

Ọkọ mi ò tún kan nǹkan kan. Ó ṣí ilẹ̀kùn pupa náà, ó ní, "Abíọ́nà, jókòó." Abíọ́nà jókòó bíi pé òun ni wọ́n kan ìjókòó náà fún. Ó dìde, kò di nǹkan kan mú. Bàbá ẹ̀ ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ó ní kó gbé báàgì dání, kó tún un ṣe. "Bàbá mi, ọmọ yìí máa jáde síbí o!" ni Abíọ́nà pariwo, kí bàbá ẹ̀ tó gbà. Àbúrò mi tún yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó gbé àtàǹpàkò sókè, a sanwó, a sì gbé Alábùlẹ̀ lọ sílé.

Ọ̀sán ni ìrọbí dé. Mò ń dirun fún oníbàárà kan, ìdajì orí ẹ̀ ti parí, ìdajì tókù dúró gàn-ùn gàn-ùn. Abíọ́nà tó ń bá mi to kóòmù di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. "Màámi," ó ní, "mo rò pé òun nìyí." Òjò ń rọ̀. Ọkọ mi sáré dé pẹ̀lú ìdọ̀tí pákó lórí, oníbàárà mi tó ti di olórí ìdajì gbé báàgì sínú ọkọ̀ fún wa, ó ní ká máa lọ, òun á dúró. Ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́. Alábùlẹ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbà.

Ọkọ mi rọra ń wà á títí inú fi bí mi. "Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹyin kọ́ lẹ kó."

"Ọmọ ni mo gbé."

"Ọmọ tó fẹ́ jáde ni!"

A sún mọ́ kọ́nà afárá. Omi ti kún ojú ọ̀nà. Ó rọra ki iwájú ọkọ̀ bọ omi, mo sì mọ ohun tó ń rò, torí ohun kan náà ni èmi ń rò. Àárín omi yẹn ni Alábùlẹ̀ ti húkọ́. Áà! Mo di Abíọ́nà mú lẹ́yìn níbẹ̀, mi ò lè gbàdúrà.

"Bàbá mi," Abíọ́nà ní, ó ń fi eyín pa ìrora, "ibí yìí ni, àbí?"

"Ibí ni, ọmọ mi."

"Ẹ bá mi kí i. Àmọ́ ẹ má dúró."

Ọkọ mi tẹ fèrè, pẹ̀ẹ́ẹ̀! Ó tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, omi fọ́n sókè lọ́tùn-ún lósì, a sì kọjá afárá. Mo rí ojú ẹ̀ nínú dígí. Omijé ń dà, ó ń wakọ̀ lọ.

Wọ́n gba Abíọ́nà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Ọkọ mi ò lè dúró, ó ní òun fẹ́ lọ gba afẹ́fẹ́. Ó ti jáde kí nọ́ọ̀sì tó yọjú. "Ẹ kú ewu o!" ni nọ́ọ̀sì ní. "Ọkùnrin ni. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè gbé e dé. Ká ní ó pẹ́ jù báyìí lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ru yẹn, mi ò mọ ohun tá à bá máa sọ." Mo gbóhùn ọmọ láti inú lọ́hùn-ún, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo gbóhùn Abíọ́nà tó ń bi wọ́n pé bàbá òun dà.

Mo jáde lọ wá a. Òjò ti dá. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn pupa, ó kẹ̀yìn sí mi. Ó gbé ìka sókè, ó kàn án: kọ́kọ́kọ́. Kò ṣí i. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó tẹrí ba.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?" mo ní.

Kò yíjú. Ẹ̀rù ń bà á láti wo ojú mi. "Mo ń dúró," ó ní, "kí onílé dáhùn."

Mo gba òdì kejì, mo ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀, mo wọlé jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì fi ìka kan dígí fún un láti inú.

"Ẹ wọlé o, Bàbá Àgbà," mo ní. "A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Orí bẹ́ẹ̀dì ló bí i sí."